Abọ́ Omi Òjò Kan

Ní sáà tó kọjá, fóònù ọ̀rẹ́ mi kan já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Kí n tó sọ pé kí ló dé, ó ti yọ ọ́, ó ti tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ti sáré lọ yá ìrẹsì lọ́wọ́ ará yàrá kejì láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló dá sí i. Ẹnìkan ní kó sá a sóòrùn. Ẹnìkan ní kó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹnìkan tún ní àdúrà ló kù báyìí. Èmi nìkan ni mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ni mí, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni mo wá kọ́, ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi: "Ọmọ olómi, ìwọ ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ìdí tí mi ò fi tètè dáhùn ni pé nígbà ìkẹyìn tí mo fi ẹnu ọlọ́gbọ́n sọ̀rọ̀ nípa omi àti ẹ̀rọ, ojú òkun ni bàbá mi sùn mọ́jú.

Ilé wa wà ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Ayétòrò. Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa á kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Ìgbókọ̀dá. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló kù. Orí òpó igi la kọ́ ilé wa sí. Iwájú wa omi, ẹ̀yìn wa omi, abẹ́ ilé wa omi, síbẹ̀ omi mímu ló wọ́n wa jù. Èyí tó yí wa ká ní iyọ̀. Bí òjò bá ti ṣú, màmá mi á to ìkòkò, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ páánù. Lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, owó la fi ń ra omi tí wọ́n bá fi ọkọ̀ gbé wá láti Ìgbókọ̀dá.

Ẹ ó wá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe tó nígbà tí mo bá sọ fún yín pé lọ́jọ́ kọ́jọ́ tí bàbá mi bá ti òkun dé, kó tó jókòó, kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, abọ́ omi òjò kan ló máa ń gbà lọ́wọ́ màmá mi. Kì í mu ún. Àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló fi ń wẹ̀.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ olówó ńlá ni. Ọkọ̀ onígi ni, tí ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 wà nídìí rẹ̀. Bátìrì fóòtì 12 kan wà nínú rẹ̀, gílóòbù méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù. Lẹ́yìn èyí ni GPS, ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tókunbọ̀ ni bàbá mi rà á. Òun ló ń bá wọn rántí ibi tí wọ́n dẹ àwọ̀n sí. Òun náà ló ń fi ibi tí wọ́n ti lè gba àárín ìgbì wọlé hàn wọ́n, torí bí ọkọ̀ bá ṣi ibẹ̀ lóru, ìgbì á dojú rẹ̀ dé.

Àkísà méjì ni bàbá mi ń lò. Á rẹ ọ̀kan sínú omi òjò, á fi nu súìṣì, á fi nu orí bátìrì, á nu GPS tinú tẹ̀yìn. Á fi èkejì nù wọ́n gbẹ. Á wá fi Vaseline pa orí bátìrì bí ẹni ń pa ọmọ lára. Ti fóònù, náílọ́nù méjì ló ń gbé e wọ̀, á fi rọ́bà so ó, á jù ú sínú agolo Bournvita. Màmá mi á máa kùn pé, "Ẹ̀rọ wá ń mu omi ju ọmọ lọ nílé yìí." Bàbá mi á ní, "Bí ẹ̀rọ ò bá rí mu, òkun á mu wa." Èmi rò pé àwàdà ni.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ẹ rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di oṣù mẹ́jọ. Mo kó ẹrù mi lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà nílẹ̀, omi ṣì ń wọ́n, màmá mi sì ń kùn lórí abọ́ omi yẹn lójoojúmọ́. Mo wò ó títí, mo ní ṣebí ìmọ̀ ni mo lọ kọ́. Ṣé ó yẹ kí ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ wà máa fi omi mímu wẹ ẹ̀rọ?

Ọjọ́ pẹ́ kí owó tó pé lọ́wọ́ mi. Ní ìparí oṣù Karùn-ún mo ra ike ńlá kan tó ní ìdérí ní Ìgbókọ̀dá, irú èyí tí wọ́n ń kó oúnjẹ òde sí. Mo ra gọ́ọ̀mù sílíkónì tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé aluminiọ́ọ̀mù ń lò. Mo kó súìṣì, fíúsì, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ibi ìgbé-GPS-sí sínú ike náà. Mo lu ihò sí orí rẹ̀, mo ti wáyà wọlé, mo fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ẹnu ihò. Bátìrì nìkan ni mo fi síta, torí mo rántí pé bátìrì olómi ásíìdì máa ń tú gáàsì tó lè gbaná nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀, a kì í dé e pa. Ẹ wò ó, mi ò kúkú ya òmùgọ̀ tán.

Nígbà tó gbẹ, mo gbé odindi ike náà ri sínú omi abẹ́ ilé. Ẹ̀kán omi kan ò wọlé. Àwọn ọmọ àdúgbò pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní fi omi fọ nǹkan kan mọ́. Omi ò lè wọ ibẹ̀."

Bàbá mi fi ìka kan ìdérí náà kó, kó, kó. Wọ́n yí i po. Wọ́n wá bi mí pé, "Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ ò kúkú níyọ̀."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo òkun, wọ́n ní, "Ìwọ lo lọ sí yunifásítì." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Abọ́ omi òjò wá di omi tí màmá mi fi ń ro púpurú, inú wọn sì ń dùn sí mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí gbogbo nǹkan fi lọ dáadáa. Nígbà tó yá, oṣù Keje dé, òjò ń rọ̀, òkun ń ru. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi, ọmọ ọkọ̀ kan, àti àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 lọ kó àwọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí wọ́n dé. Ìrọ̀lẹ́ lọ, wọn ò dé. Aago mẹ́jọ, wọn ò dé. Mo pe fóònù bàbá mi, wọ́n ní wọ́n ti pa á. Mo tún pè. Mo pè é títí tí fóònù tèmi náà fi fẹ́ kú.

Màmá mi gbé àtùpà, wọ́n lọ dúró létí òkun nínú òjò. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọn ò bú mi. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n wá bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé omi ò wọ inú ike yẹn ṣá?"

Mo ní, "Kò lè wọ̀ ọ́, Ìyá mi." Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ ò mọ bí òru ṣe gùn tó. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wá bá wa dúró, wọ́n ní àwọn ò lè gbé ọkọ̀ lọ sínú ìgbì yẹn àfi bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó lé ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí a tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀. Màmá mi jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, wọn ò lè dìde.

Àbúrò mi ló sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, torí bàbá mi ò sọ ọ́. Wọ́n ń kó àwọ̀n lọ́wọ́ ni òjò ṣú bo ojú ọjọ́. Wọ́n tẹ súìṣì, iná ò tàn. Wọ́n tan GPS, ó mú iná wá, ojú rẹ̀ fa ìlà bí ìwé tí ọmọdé ya, ó kú. Fóònù tí wọ́n kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì gbóná, òun náà kú. Ẹ́ńjìnnì ò ní nǹkan kan, torí okùn ni wọ́n fi ń fà á, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe iná púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n fẹ́ darí ẹ́ńjìnnì sí? Bàbá mi ti ń pẹja kí GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà nígbà náà, àti iná ìlú. Lóru ọjọ́ yẹn, ìràwọ̀ kan ò yọ. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n tẹ́tí sí ìró ìgbì títí tí wọ́n fi mọ ọwọ́ tí ilẹ̀ wà. Wọ́n mọ ibi tí ilé wà o, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí ìgbì ti fún ni láyè. Wọ́n ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, wọ́n ní ó di àárọ̀.

Ní nǹkan bí òru dídì, ọkọ̀ ńlá kan, trawler, ń bọ̀ tààrà lọ́nà ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ń rí iná tirẹ̀. Òun ò rí wọn, torí wọn ò ní iná. Wọ́n pariwo títí ohùn wọn fi há. Bàbá mi ya aṣọ ọrùn wọn, wọ́n rẹ ẹ́ sínú epo, wọ́n so ó mọ́ orí àjẹ̀, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n gbé e sókè lójú òjò nínú ọkọ̀ tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà. Ọkọ̀ náà yà. Omi tó tì sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí wọn dànù. Àbúrò mi ní, "Mo ti ń pe orúkọ màámi."

Nígbà tí bàbá mi wẹ̀ tán tí wọ́n jẹun tán, wọ́n pè mí. Wọ́n gbé ike náà sílẹ̀ níwájú mi. Wọ́n bu abọ́ omi òjò kan, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Fọ̀ ọ́."

Mo ṣí i. Òógùn ló bo inú ìdérí, bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Omi wà nísàlẹ̀. Orí súìṣì ti hu àwọ̀ ewé. Mo fọwọ́ kan wáyà tó ti orí pọ́sítíìfù wá, ó rún sí mi lọ́wọ́ bíi bisikíìtì tó bọ́ sínú tíì.

Mo jókòó ti ike yẹn di ọ̀sán, mo ń wá ohun tí mo ṣe. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi kà á, ó lè wúlò fún yín.

Àkọ́kọ́, omi nìkan kọ́ ni ọ̀tá, iyọ̀ ni. Lítà omi òkun kan ní tó gíráàmù 35 iyọ̀. Bí omi òjò bá kán sórí ẹ̀rọ tó gbẹ, ó lè gbẹ kó má ṣe nǹkan kan. Bí omi òkun bá gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ kì í lọ. Ó ń jókòó síbẹ̀, ó sì ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tí ojú ọjọ́ bá rin, ó ń sọ ara rẹ̀ di omi padà lóru. Bí iná bá wá ń gba inú omi iyọ̀ yẹn kọjá, á máa jẹ bàbà inú wáyà, ọwọ́ pọ́sítíìfù ló sì máa ń jẹ jù. Iyọ̀ àtijọ́ wà lára súìṣì àti wáyà nígbà tí mo kó wọn sínú ike. Mi ò fọ̀ wọ́n. Mo dé olè mọ́ inú ilé, mo wá ti ìlẹ̀kùn síta.

Èkejì, bàbá mi tọ̀nà: afẹ́fẹ́ etí òkun níyọ̀. Ìgbì tó ń fọ́ máa ń ta omi wínníwínní sókè, atẹ́gùn á gbé e. Páánù ilé wa ló yẹ kó ti kọ́ mi, tó ń dípẹtà kíákíá nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òkìtìpupa ṣì ń dán. Yunifásítì ò pa páánù mọ́ mi lójú, èmi ni mi ò wò ó.

Ẹ̀kẹta, àpótí ń mí. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú un gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, á wá ọ̀nà jáde. Bó bá tutù lóru, á tún fa afẹ́fẹ́ wọlé, ìbáà jẹ́ ojú abẹ́rẹ́ ló rí. Ọ̀rinrin tó bá bá a wọlé á di ìrì sára ike, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Wọ́n sì ń ṣí ìdérí lójú òkun pẹ̀lú ọwọ́ tútù láti tẹ GPS. Mo dán an wò nínú omi fún ìṣẹ́jú kan, mo pè é ní ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù, torí ọgbọ́n ọmọdé ni. Òkè ni mo ti wáyà wọlé, wáyà gílóòbù iwájú sì ń sọ̀kalẹ̀ tààrà láti orí òpó rẹ̀. Ọ̀nà ni mo là fún òjò. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbọn díẹ̀ nínú ìgbì, omi tẹ̀ lé wáyà wọlé bí àlejò tí wọ́n fi ọ̀nà hàn.

Èmi àti bàbá mi jọ tún un ṣe. A fi omi òjò fọ ohun tó ṣeé fọ̀, a jù èyí tó ti jẹrà. Wáyà ń wọ ike láti abẹ́ báyìí, a sì jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kó tó gòkè wọlé, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé e kán sílẹ̀ níbẹ̀. Mo lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ohun tó bá wọlé lè jáde. Èyí le fún mi láti ṣe, ẹ gbà mí gbọ́: kí n fi ọwọ́ ara mi lu ihò sí àpótí tí mo fi yangàn. Gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀ la fi lẹ́ẹ̀dì jó, a kì í kàn lọ́ ọ kí a fi sẹ̀lótéèpù dì í. Wáyà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ní tánńganran lára fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwa ò rówó rẹ̀, Vaseline la fi pa orí tiwa. GPS mìíràn tí a rà lẹ́yìn oṣù méjì ní náílọ́nù tirẹ̀, pẹ̀lú ìdì wínníwínní tí ẹ máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ẹ má jẹ ẹ́. Ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Tọ́ọ̀ṣì kan wà tí kò bá wáyà kankan tan, nínú náílọ́nù ọ̀tọ̀, nínú agolo ọ̀tọ̀. Èyí ni bàbá mi fi kún un. Wọ́n ní a kì í kó gbogbo ojú ẹni sínú ike kan.

Abọ́ omi òjò sì padà sípò. Màmá mi ló ń bù ú fúnra wọn. Wọn ò kùn mọ́.

Ẹ̀rọ àti òkun ti ń bá ara wọn ja ìjà yìí lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ti ní iná mànàmáná tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ó ní ibi ìkan-ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ọwọ́ oríṣiríṣi, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ ṣì ń tan àtùpà. Lónìí, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà níbẹ̀, ó ṣì ń bọ̀. Mi ò rò pé àìgbọ́n ló dé bá àwọn bàbá wa. Òkun kì í sinmi, ẹni tó bá sinmi lẹ́ẹ̀kan ló ń gbà. Mo fẹ́ ṣe ohun tí a ó ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a ò ní ṣe mọ́. Bàbá mi mọ̀ pé kò sí irú rẹ̀ létí òkun. Ohun tó wà ni èyí tí a ń ṣe lójoojúmọ́.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni ASUU dá ìyanṣẹ́lódì dúró, mo padà sí kíláàsì. Ẹ ó rí i pé mo ti ń bi olùkọ́ ní ìbéèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fóònù inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kó pa á, kó má kì í bọ iná. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò nínú ìrẹsì, torí ìrẹsì ò fa omi inú fóònù ju bí afẹ́fẹ́ lásán ṣe ń ṣe lọ, eruku rẹ̀ ló sì máa wọ inú ihò. Kó nù ún, kó dà á délẹ̀ kí omi lè ro jáde, kó gbé e síwájú fáànù. Ó ní, "Ṣebí wọ́n kọ IP67 sí páálí rẹ̀!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, 7 yẹn túmọ̀ sí mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nínú omi tí kò níyọ̀, nígbà tí fóònù wà ní tuntun. Kò sọ nǹkan kan nípa ọṣẹ, kò sọ nǹkan kan nípa òkun, fóònù tirẹ̀ sì ti fọ́ ní igun méjì. Mo ní bó bá jẹ́ òkun ló bọ́ sí, omi òjò ni mo kọ́kọ́ máa ní kó tún fi ṣàn án. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Ẹ gbọ́ ọmọ Ìlàjẹ! Fóònù tó ti mu omi yó, ó ní kí wọ́n tún fún un lómi!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì fóònù náà jí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ṣì ń dún bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní dókítà láti ọjọ́ náà. Mi ò fẹ́ oyè yẹn. Bí ẹnìkan bá gbé ohun kan wá fún mi láti tún ṣe, mo máa ń yí i po, mo máa ń fi ìka kàn án, kó, kó, kó, mo máa ń bi ara mi pé afẹ́fẹ́ ńkọ́, kí n tó la ẹnu.

Mo sì máa ń pe ilé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí fóònù bàbá mi bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ìgbà mìíràn wọn kì í gbé e, àbúrò mi ló ń gbé e. Á ní, "Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ṣì ń fọ ẹ̀rọ."